Ọ̀rọ̀ Inú Ẹ̀rọ: Bí A Ṣe Ń Sọ Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Di Ọ̀tun

Bí ẹwù bá ya, aránṣọ yóò bá wa rán an. Bí ẹnu àdá bá kú, alágbẹ̀dẹ yóò bá wa pọ́n ọn. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn yóò ṣe sí ẹ̀rọ tí gbogbo ara rẹ̀ le koko, tí iná mànàmáná ń wọ inú rẹ̀ dáadáa, tí irin kan kò kán lára rẹ̀, síbẹ̀ tí ó kọ̀ láti bá ohun èlò tuntun ṣiṣẹ́, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é ní ogójì ọdún sẹ́yìn kò sọ fún un pé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ yóò dé ilé ayé?

Ìbéèrè yìí ni àwọn tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń bá jìjàkadì, yálà ní Amẹ́ríkà, ní Jámánì tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí àwa náà gbọ́ ìdáhùn tí wọ́n rí sí i, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí iṣẹ́ oòjọ́ gbé dé Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Pọta Kọ́ọ̀tù àti àwọn ìlú mìíràn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí tí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kò sí lọ́jà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ra àlòkù ní láti mọ ohun tí ń bẹ nínú ohun tí ó rà.

ẸNI TÍ Ń JÍ Ẹ̀RỌ LÓJÚ OORUN

Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà kò mọ nǹkan kan. Kò mọ̀ pé òun ní ojú tí a fi ń wo ọ̀rọ̀, kò mọ̀ pé òun ní bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ibi tí a kó ìwé pamọ́ sí. Ó dàbí ọmọ tuntun jòjòló. Ohun kan ní láti wà nítòsí tí yóò sọ̀rọ̀ sí i létí. Ohun náà ni àwọn àṣẹ tí a ti kọ sínú ṣíìpù kékeré kan láti ilé-iṣẹ́ tí a ti ṣe ẹ̀rọ náà, tí kì í pa rẹ́ bí a bá tilẹ̀ pa iná. BIOS ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 5150. Ní ìlú Boca Raton, ní ìpínlẹ̀ Florida, ni wọ́n ti ṣe é, lábẹ́ àkóso Ọ̀gbẹ́ni Don Estridge. Ṣíìpù márùn-ún ni wọ́n kọ àṣẹ sí nínú ẹ̀rọ yìí. Mẹ́rin nínú wọn ru BASIC, èdè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà náà. Ìkarùn-ún ni ó ru BIOS, èyí tí Ọ̀gbẹ́ni David Bradley ṣe aṣáájú kíkọ rẹ̀. Báìtì 8,192 péré ni ṣíìpù náà gbà. Bí a bá ka báìtì kan sí lẹ́tà kan, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí iye lẹ́tà tí ń bẹ nínú àpilẹ̀kọ tí ẹ ń kà yìí.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe. Bí iná bá ti wọlé, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, èyí tí ilé-iṣẹ́ Intel ṣe tí wọ́n sì pè ní 8088, a máa lọ tààrà sí ojúlé kan ṣoṣo. Ojúlé 1,048,576 ni ó lè dé lápapọ̀; ìkẹrìndínlógún láti ìparí ni ó máa ń kọ́kọ́ kàn. Ibẹ̀ ni BIOS ti ń dúró dè é. BIOS yóò yẹ ibi ìrántí ẹ̀rọ wò, yóò yẹ bọ́tìnnì wò, yóò tan ojú ẹ̀rọ, yóò wá dísìkì kàn, lẹ́yìn náà ni yóò fa iṣẹ́ lé ètò tí ó bá nínú dísìkì lọ́wọ́.

Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Ohun tí ẹni tí ó kọ àṣẹ kò bá rò tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣíìpù ti ọdún 1981 kò mọ bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ káàdì tí a fi kún ẹ̀rọ bóyá ó mú àṣẹ tirẹ̀ wá. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ó ní ṣíìpù yìí kò lè jí láti inú háàdì dísìkì, èyí tí í ṣe àpótí ńlá tí kọ̀ǹpútà ń kó ìwé pamọ́ sí. Bí olówó rẹ̀ bá sì ra ìrántí kún un títí ó fi di 640 kilobáìtì, 544 péré ni yóò rí. Ìgbà tí IBM tún BIOS náà kọ, tí wọ́n sì kọ ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1982 sínú rẹ̀, ni ìṣòro méjèèjì tó yanjú. Ẹni tí ó ti ra ti ìṣáájú ní láti ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó yọ ṣíìpù kan, kí ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Irin ara ẹ̀rọ kò yí padà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan ni a pààrọ̀, ẹ̀rọ tí ó sì jẹ́ afọ́jú lánàá bẹ̀rẹ̀ sí ríran.

OLÈ YÀTỌ̀ SÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́

Kò pẹ́ rárá tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn fi ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ tí ṣíìpù yìí ń ṣe lè kọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, kí gbogbo ètò tí a kọ fún ti IBM sì máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn irin ara ẹ̀rọ náà wà lọ́jà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó. IBM fúnra rẹ̀ tilẹ̀ tẹ àwọn àṣẹ BIOS sínú ìwé tí ó ń tà fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n pé a tẹ ọ̀rọ̀ sínú ìwé kò wí pé kí ẹlòmíràn máa dà á kọ, kí ó sì máa tà á bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

Ilé-iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Franklin tí kò ka èyí sí. Ti Apple ni òun dà kọ, kì í ṣe ti IBM. Ó kó àwọn àṣẹ inú ẹ̀rọ Apple II sínú ẹ̀rọ tirẹ̀ tí ó pè ní ACE 100. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, wọ́n bá orúkọ James Huston, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ ètò fún Apple, nínú ẹ̀dà ti Franklin. Ó dàbí ẹni tí ó jí adìẹ aládùúgbò, tí kò sì rántí tú àkísà tí olówó rẹ̀ so mọ́ ọn ní ìyẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà pinnu pé òfin tí ń dáàbò bo ìwé òǹkọ̀wé ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ inú ṣíìpù pẹ̀lú.

Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ Compaq gbà yàtọ̀ pátápátá. Ní oṣù kejì ọdún 1982 ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan, Rod Canion, Jim Harris àti Bill Murto, tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ ní Texas Instruments, dá a sílẹ̀ ní ìlú Houston. Wọ́n pín àwọn òṣìṣẹ́ wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan yẹ ẹ̀rọ IBM wò fínnífínní, wọ́n sì ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó ń ṣe: bí a bá béèrè báyìí lọ́wọ́ rẹ̀, báyìí ni yóò dáhùn. Wọn kò kọ bí IBM ṣe kọ ọ́. Ohun tí àṣẹ náà gbọ́dọ̀ ṣe nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n wá gbé àkọsílẹ̀ náà fún àwọn kejì, tí wọn kò fi ojú kan ìwé IBM rí, àwọn wọ̀nyí sì fi òye tiwọn kọ BIOS mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1982 ni wọ́n kéde ẹ̀rọ náà fún gbogbo ayé. Ẹ̀rọ àgbélọ́wọ́ ni wọ́n pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ tó kílò 13, tí apá ẹni tí ó bá gbé e yóò sì sọ fún un. Nígbà tí ọdún 1983 fi máa parí, ọjà tí wọ́n tà ti tó mílíọ̀nù dọ́là 111. Ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ Phoenix náà tẹ̀ lé irú ọ̀nà kan náà. Àwọn tilẹ̀ wá ẹni tí kò tíì bá ọpọlọ ẹ̀rọ Intel ṣiṣẹ́ rí láti kọ tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè fi ẹ̀sùn olè kàn án. Phoenix kò fi BIOS tirẹ̀ pamọ́ sílé. Ó ń tà á fún ilé-iṣẹ́ yòówù tí ó bá fẹ́ ṣe kọ̀ǹpútà. Ní ọdún náà gan-an ni IBM pe àwọn ilé-iṣẹ́ méjì kan lẹ́jọ́, Corona àti Eagle, nítorí pé BIOS tiwọn jọ ti IBM jù. Dandan ni fún àwọn méjèèjì láti jáwọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n sì wá òmíràn.

Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà níbẹ̀? Ọmọ-iṣẹ́ tí ó wo bí ọ̀gá ṣe ń hun aṣọ, tí ó wá lọ fi òwú tirẹ̀ hun tirẹ̀, kò jalè. Ẹni tí ó ká aṣọ ọ̀gá mọ́ abẹ́ abíyá ni olè. Nínú ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń lò ní ọ́fíìsì àti ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ṣẹ̀ wá. Bí kì í bá ṣe pé àwọn kan kọ́ ọ̀rọ̀ inú ṣíìpù náà ní ọ̀nà òtítọ́, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ọjà náà ìbá wà, iye tí ó bá sì wù ú ni ìbá máa tà á.

BÍ A ṢE Ń TÚ Ọ̀RỌ̀ INÚ ṢÍÌPÙ

Ọgbọ́n kan náà ni àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ ń lò lónìí, ṣùgbọ́n ìdí tiwọn kì í ṣe láti bá ẹnikẹ́ni du ọjà. Ikú ẹ̀rọ ni wọ́n ń lé sẹ́yìn. Háàdì dísìkì tí wọ́n ṣe ní ọdún 1983 ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí ń ṣe irú rẹ̀ mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn, ọ̀rọ̀ inú ṣíìpù fúnra rẹ̀ lè ṣá bí ọdún ti ń gorí ọdún, nítorí pé ìwọ̀nba iná mànàmáná tí a há mọ́ inú rẹ̀ ni ó di ọ̀rọ̀ náà mú, iná yìí a sì máa jò díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tètè ka ọ̀rọ̀ náà jáde, ẹ̀rọ tí gbogbo ara rẹ̀ pé yóò di òkú, nítorí pé ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? A ó yọ ṣíìpù náà jẹ́jẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa kán. A ó gbé e sínú ẹ̀rọ kékeré kan tí ń ka ṣíìpù, èyí yóò sì da gbogbo báìtì inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tuntun. Nọ́ńbà lásán ni ojú yóò kọ́kọ́ rí. Ètò kan wà tí ń yí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí padà sí àṣẹ tí ènìyàn lè kà: gbé èyí, fi kún tọ̀hún, fò lọ sí ibi báyìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ gángan tí kò gbọ́ èdè ìlù yóò gbọ́ ohùn, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Bákan náà ni àṣẹ wọ̀nyí ń fi ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe hàn, wọn kò sọ ìdí tí ó fi ń ṣe é. Àlàyé tí ẹni tí ó kọ ọ́ ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ kò wọ inú ṣíìpù rí. Sùúrù ni a fi ń wá ìdí náà, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Àpẹẹrẹ ohun tí a ń bá pàdé níbẹ̀ ni ti ìkíni ẹnu ọ̀nà. Láti inú BIOS ti ọdún 1982 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ̀rọ bá ti jí, yóò máa kan ilẹ̀kùn káki káàkiri ibi tí káàdì lè gbé àṣẹ sí, ní ìwọ̀n báìtì 2,048 sí ara wọn. Bí ó bá bá nọ́ńbà 85 àti 170 lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ̀ pé ènìyàn wà nílé. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé wọn yóò sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti gùn tó. Lẹ́yìn èyí ni yóò ro gbogbo báìtì náà pọ̀, tí yóò sì fi 256 pín in. Bí ohunkóhun bá ṣẹ́kù, yóò gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́, kò sì ní tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Wọn á ṣe àtúnṣe tí ó pé, wọn á dá ṣíìpù padà, ẹ̀rọ kò sì ní ka àtúnṣe náà sí, nítorí pé wọ́n yí báìtì kan padà láì wá báìtì mìíràn tí yóò mú ìṣirò náà dọ́gba.

Bí ìṣirò bá ti gún, a ó wá ṣíìpù tí ó ní fèrèsé dígí kékeré lórí. A ó gbé e sábẹ́ iná ultraviolet fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ àtijọ́ yóò pa rẹ́, a ó sì kọ tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ni a ó lẹ bébà bo fèrèsé náà, kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn má bàa máa pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ díẹ̀díẹ̀.

ODI TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ MỌ̀Ọ́MỌ̀ MỌ

Ìtàn odi 528 ni yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Ẹ fi háàdì dísìkì wé ìlú kan. Kí a tó rí ìwé kan nínú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ mọ àdúgbò, òpópónà àti ilé tí ó wà, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì 512. Bí BIOS bá ń kọ àdírẹ́sì, kò lè kọ ju àdúgbò 1,024, òpópónà 256 àti ilé 63 lọ. Ìyẹn nìkan tó báìtì bílíọ̀nù mẹ́jọ àti ààbọ̀, tàbí kí ó dín díẹ̀. Àwọn tí ó ṣe dísìkì irú ti IDE ní ìlànà tiwọn: àdúgbò 65,536, òpópónà 16, ilé 255. Ìyẹn ju báìtì bílíọ̀nù 136 lọ.

Ìlànà méjèèjì ló tóbi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé, èyí tí ó kéré jù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń borí: àdúgbò 1,024, òpópónà 16, ilé 63. Ẹ fi 512 ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí 528,482,304. Ó dàbí ìgbà tí a fẹ́ gbé àpótí gba ẹnu ọ̀nà méjì, tí ọ̀kan ga ṣùgbọ́n tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí èkejì fẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó kúrú. Àpótí tí ó bá kéré ní gíga àti ní fífẹ̀ nìkan ni yóò kọjá. Nígbà tí dísìkì tí ó ju mẹgabáìtì 528 lọ dé ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àìmọye ẹ̀rọ ni kò lè rí èyí tí ó kọjá odi náà.

Kò sí irin kan tí a ní láti fi kún un. Ògbufọ̀ ni a nílò. Bí dísìkì bá ní àdúgbò 2,048 àti òpópónà 16, àṣẹ tuntun inú ṣíìpù yóò sọ fún BIOS pé àdúgbò 1,024 àti òpópónà 32 ni ó ní. Iye ilé kò dín, kò sì lé. Bí a ṣe ń pè é ni ó yí padà. Nígbà tí BIOS bá béèrè ilé kan, ògbufọ̀ yìí yóò ṣe ìṣirò, yóò sì tú àdírẹ́sì náà sí èyí tí dísìkì gbọ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èdè tí àwọn méjèèjì ń sọ, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ara wọn yé.

Lórí irú ìmọ̀ yìí ni àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ gbé iṣẹ́ tí wọ́n pè ní XTIDE Universal BIOS kalẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ojú gbogbo ènìyàn sì tó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. A lè kọ ọ́ sínú ṣíìpù báìtì 8,192, ìwọ̀n kan náà bí èyí tí Bradley kọ BIOS àkọ́kọ́ sí. Ẹ̀rọ IBM XT, tí ó jáde ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1983 pẹ̀lú háàdì dísìkì mẹgabáìtì 10, yóò wá máa bá káàdì pẹlẹbẹ kan ṣiṣẹ́, irú èyí tí àwọn oníyàwòrán ń fi sínú kámẹ́rà, tí ó gba ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mẹgabáìtì wọ̀nyẹn. Kì í pariwo, kì í sì í jẹ iná púpọ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó KÀN WÁ

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni èyí. Ní Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, níbi tí gbogbo ayé ń pè ní Computer Village, àwọn ọmọ wa wà tí ń fi ẹ̀rọ kékeré ka ṣíìpù BIOS kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, tí wọ́n sì ń kọ òmíràn sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún òun, kí ó kíyè sí nǹkan mẹ́rin.

Èkíní, kí wọ́n da ọ̀rọ̀ àtijọ́ kọ sí ibi méjì kí wọ́n tó kọ tuntun. Bí tuntun bá kọ̀, a ó rí ibi padà sí.

Èkejì, inú ẹ̀rọ gan-an ni a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sí ọ̀pọ̀ ṣíìpù òde òní. Bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́, ẹ̀rọ lè má jí mọ́. Ní ilẹ̀ tiwa tí iná kì í dágbére kí ó tó lọ, kí bátìrì kún dáadáa kí a tó dáwọ́ lé e.

Ẹ̀kẹta, bí ọ̀rọ̀-ìwọlé bá ti BIOS pa, kí a mọ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà kí a tó bá ẹnikẹ́ni ṣí i. Ọgbọ́n tí ń jí òkú ẹ̀rọ lè di irinṣẹ́ olè bí a kò bá ṣọ́ra.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe yára ju kọ̀ǹpútà àtijọ́ sí àkìtàn. Lẹ́tà òbí, ìwé ìṣirò ọjà, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe yọ bátìrì kékeré tí a jó mọ́ pátákó inú rẹ̀ kí a tó gbé e pamọ́, nítorí pé bí ó bá jò, omi inú rẹ̀ a máa jẹ wáyà tí ó wà yí i ká.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ̀rọ àtijọ́ náà, àgbà ni. Ohun tí kò mọ̀ ni ó ń mú kí a máa pè é ní òkú. Bí ẹnìkan bá fi sùúrù gbọ́ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀, tí ó sì fi òtítọ́ inú kún un, yóò tún dìde láàárín àwọn ọmọdé, yóò sì jẹ́ wọn lóhùn.